Inú Ló Ń Run Ọmọ, Ẹsẹ̀ Rẹ̀ Ló Ń Jẹ́rìí

Bí ọmọdé bá ní inú ń run òun, ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn àgbàlagbà kò pọ̀: aràn, ibà, taifọ́ọ̀dù, tàbí oúnjẹ tí kò bá a lára mu. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wá hàn nínú ìgbẹ́ rẹ̀, ẹjọ́ ti parí nìyẹn lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn: jẹ̀díjẹ̀dí ni, ṣúgà tó ń lá ti pọ̀ jù, kí wọ́n yáa wá àgbo fún un. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọ̀kan nínú àwọn tí a kà yìí náà ni. Ṣùgbọ́n àìsàn kan wà tí kò sí nínú wọn, tó máa ń fi inú rírun àti ẹ̀jẹ̀ inú ìgbẹ́ han ara rẹ̀, bẹ́ẹ̀ inú kọ́ ni orírun rẹ̀. Àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tó kéré jù lọ nínú ara ló ń wú, tí ògiri wọn ń bàjẹ́, tí ẹ̀jẹ̀ sì ń jò jáde lára wọn, nínú ìfun, lábẹ́ awọ, ní oríkèé àti nínú kíndìnrín. Ohun tí mo fẹ́ fi yé òǹkàwé kò ju ọ̀kan lọ: ẹni tó bá wo inú nìkan kò ní í mọ àìsàn yìí. Àfi kó bọ́ ṣòkòtò ọmọ, kó wo ẹsẹ̀ àti ìdí rẹ̀, kó sì yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò.

IgA vasculitis ni àwọn dókítà ń pè é láti ìgbà tí ìpàdé àwọn onímọ̀ tí a mọ̀ sí Chapel Hill ti tún orúkọ àwọn àrùn iṣan ẹ̀jẹ̀ tò ní 2012. Henoch-Schönlein purpura ni orúkọ rẹ̀ àtijọ́, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ṣì ń lò. Ọmọdé ló ń mú jù. Nínú mẹ́wàá tó bá mú, bí i mẹ́sàn-án ni kò tí ì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọ̀fìnkìn tàbí ọ̀nà ọ̀fun dídùn ló máa ń ṣáájú rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́ta, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. IgA jẹ́ èròjà kan tí ara fi ń dáàbò bo imú, ọ̀fun àti ìfun lọ́wọ́ kòkòrò àrùn. Nínú ara àwọn ọmọ kan, apá kan nínú IgA yìí kì í pé nígbà tí ara bá ń ṣe é. Ṣúgà kan tó yẹ kó wà lára rẹ̀ kì í sí níbẹ̀. Àwọn ọmọ ogun ara a wá máa wò ó bí àlejò, wọ́n a rọ̀ mọ́ ọn, wọ́n a lẹ̀ pọ̀, ẹ̀jẹ̀ a sì máa gbé wọn kiri títí wọn yóò fi há sára ògiri àwọn iṣan tíntìntín. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun ara mìíràn bá rọ́ wá síbẹ̀ láti jà, ògiri iṣan ni ìjà náà ń bà jẹ́. Kì í ṣe pé ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà kò lè dì. Bí wọ́n bá yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, àwọn èròjà tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì yóò pé iye tó yẹ. Ògiri ló ń jò.

Ẹ jẹ́ ká wo ìfun náà fínnífínní, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àṣìṣe ti ń wáyé. Ògiri ìfun ní ìpele-ìpele. Ti inú pátápátá ló ń fa oúnjẹ mu. Ti ìta jẹ́ ẹran tó ń fún ìfun kí oúnjẹ lè máa lọ. Láàárín méjèèjì ni àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ kéékèèké pọ̀ sí jù. Nígbà tí àwọn iṣan wọ̀nyí bá ń jò, omi àti ẹ̀jẹ̀ a dúró sáàárín ògiri náà, ògiri a nípọn, ọ̀nà oúnjẹ a há. Bí ọmọ kò bá jẹun, ó lè dà bí ẹni pé ara ti balẹ̀. Kó jẹun báyìí, ìfun gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́, ó sì nílò ẹ̀jẹ̀ sí i láti fi ṣe é, ẹ̀jẹ̀ tí àwọn iṣan tó ti wú kò lè gbé wá. Ìdí nìyí tí inú rírun àìsàn yìí fi máa ń wá tó sì máa ń lọ, tó máa ń fún ọmọ ní agbègbè ìdodo, tó sì máa ń le sí i lẹ́yìn oúnjẹ. Ọmọ a ká kò, a máa sunkún, a sì máa bì. Nígbà tí dókítà bá ti ẹ̀rọ tó ní kámẹ́rà wọ inú ìfun, ohun tó sábà máa ń rí ni ojú pupa káàkiri, àwọn àmì ẹ̀jẹ̀ tó dì sábẹ́ awọ inú, àti egbò kéékèèké, pàápàá jù lọ ní apá ìfun kékeré tó tẹ̀ lé àpòlúkù àti ní ìparí ìfun kékeré náà. Ẹ̀jẹ̀ tó ń jáde níbẹ̀ lè kéré débi pé àyẹ̀wò nìkan ló lè fi í hàn nínú ìgbẹ́. Ó lè pupa, ó sì lè dúdú kó máa lẹ̀ bó bá jẹ́ òkè ló ti wá. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ògiri ìfun yẹn gan-an ló ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ awọ ẹsẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé a rí ti ẹsẹ̀.

Ìtàn bí àwọn oníṣègùn ṣe mọ àìsàn yìí ti ohun tí mò ń sọ lẹ́yìn. Ní 1802 ni wọ́n tẹ ìwé William Heberden, dókítà kan ní Lọ́ńdọ̀nù, jáde lẹ́yìn ikú rẹ̀. Nínú ìwé náà ni ó ti sọ nípa ọmọkùnrin ọlọ́dún márùn-ún kan tí ara rẹ̀ ń wú níhìn-ín lọ́hùn-ún, tí inú ń run, tó ń bì, tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìgbẹ́ àti ìtọ̀ rẹ̀, tí kò lè rìn nígbà tí ìrora bá dé ẹsẹ̀ rẹ̀, tí àmì ẹ̀jẹ̀ kéékèèké sì bo awọ ẹsẹ̀ náà. Gbogbo àìsàn náà ló wà lára ọmọ kan ṣoṣo yìí. Síbẹ̀, nígbà tí Johann Lukas Schönlein, ọmọ Jámánì, kọ̀wé ní 1837, awọ àti oríkèé ló so pọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, Eduard Henoch, tó di dókítà àwọn ọmọdé ní Berlin, ló fi inú rírun àti ẹ̀jẹ̀ inú ìgbẹ́ kún un láti 1868 lọ, nígbà tó sì fi máa sọ ti kíndìnrín yékéyéké, ó ti di 1899. Ó tó 1969 kí Jean Berger, ní Paris, tó fi hàn pé IgA ló ń há sínú kíndìnrín àwọn tí àìsàn náà ń ṣe. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ni gbogbo wọn, ojú wọn sì mú. Ṣùgbọ́n nítorí pé olúkúlùkù ń wo ibi tí ìrora wà, ohun tí Heberden ti rí papọ̀ gba nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kó tó tún di ọ̀kan. Bí ó bá ṣe àwọn wọ̀nyẹn bẹ́ẹ̀, kò yẹ kó yà wá lẹ́nu pé ó ń ṣe òbí tí ọmọ rẹ̀ ń ké ní òru.

Ẹnìkan lè sọ pé kí ni wàhálà tó wà níbẹ̀, ṣebí bí ara ọmọ bá ti sú, dókítà yóò mọ̀. Bí ara bá tètè sú, bẹ́ẹ̀ ni. Nínú àwọn ọmọ tí àìsàn yìí ń ṣe, ó ju ìdajì lọ tí inú wọn máa ń run, ṣùgbọ́n nínú apá kan wọn, inú ló máa ń ṣáájú awọ, nígbà mìíràn fún ọjọ́ díẹ̀, nígbà mìíràn fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti gbé ọmọ lọ sórí tábìlì iṣẹ́ abẹ pé àpẹ́ńdíìsì ló wú, tí wọ́n la inú tán, tí wọ́n sì bá àpẹ́ńdíìsì tó dára pẹ̀lú ìfun tó wú, tó sì ti pọ́n. Òfin tí àwọn onímọ̀ gbé jáde ní 2010 láti fi dá àìsàn yìí mọ̀ lára ọmọdé sì ní kí àmì ẹ̀jẹ̀ wà lára awọ, pàápàá ní ẹsẹ̀, kí a tó fi inú rírun, oríkèé dídùn, kíndìnrín tàbí àyẹ̀wò ẹran ara tì í lẹ́yìn. Mo gbà pé òfin náà dára fún ìwádìí, kí gbogbo ènìyàn lè mọ ohun tí wọ́n ń kà. Ṣùgbọ́n ọmọ tí inú rẹ̀ ń run lónìí kò lè dúró de òfin. Ohun tó tọ́ ni kí dókítà fi àìsàn yìí sọ́kàn, kó fi ẹ̀rọ sikáànù wo inú kó lè rí bí ògiri ìfun ṣe nípọn tó, kó sì máa tún ẹsẹ̀ ọmọ náà wò lójoojúmọ́. Ẹsẹ̀ tó mọ́ ní ọjọ́ Ajé lè ti sú ní ọjọ́rú.

Sikáànù yìí ṣe pàtàkì fún ìdí mìíràn pẹ̀lú. Níbi tí ẹ̀jẹ̀ bá ti dúró sínú ògiri ìfun tó sì wú, ìfun tó ń fún lè gbá ibẹ̀ mú kó sì fà á wọ inú apá tó tẹ̀ lé e, bí ìgbà tí ènìyàn ká ọwọ́ aṣọ wọ inú ara rẹ̀. Ó ń ṣẹlẹ̀ sí nǹkan bí ọmọ 1 sí 5 nínú 100 tí àìsàn yìí ń ṣe. Apá tó wọlé náà kò ní rí ẹ̀jẹ̀ mọ́. Bí wọn kò bá tètè mọ̀, ó lè kú, ó sì lè lu. Irú èyí máa ń ṣe àwọn ọmọ ọwọ́ tí kò ní àìsàn iṣan ẹ̀jẹ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n tiwọn sábà máa ń jẹ́ ìfun kékeré tó wọ inú ìfun ńlá, tí wọ́n lè fi afẹ́fẹ́ tàbí omi láti ìdí tì padà. Nínú àìsàn tí à ń sọ yìí, ìfun kékeré ló sábà máa ń wọ inú ìfun kékeré, lókè níbi tí ohun tí a fi sí ìdí kò lè dé. Dókítà tí kò bá mọ ohun tó ń bá jà lè ti ìdí wá a kó má rí i. Nítorí náà, bí inú ọmọ bá le gbandi, tó ń bi omi aláwọ̀ ewé, tí ìrora kò sì lọ mọ́, ilé ìwòsàn tó ní oníṣẹ́ abẹ ló yẹ kí wọ́n gbé e lọ lójú ẹsẹ̀.

Ọ̀rọ̀ awọ wa ló kàn. Àwòrán tó pọ̀ jù nínú ìwé ìṣègùn jẹ́ ti ẹsẹ̀ ọmọ òyìnbó, níbi tí àmì náà ti pọ́n rokoso. Lára ọmọ tó dúdú, kì í pọ́n bẹ́ẹ̀. Ó máa ń dúdú ju awọ tó yí i ká lọ, bí elésè àlùkò tàbí bí ojú ibi tí ẹ̀fọn jẹ tí ọmọ sì họ. Ó rọrùn kí ènìyàn pè é ní ooru tàbí kúrúnà. Ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ló dára jù láti fi wò ó. Kí ẹ wo ojúgun, ọrùn ẹsẹ̀, ẹ̀yìn itan àti ìdí, nítorí ibi tí ẹ̀jẹ̀ ń wọ́ sí ni ó máa ń pọ̀ sí. Ọmọ tí kò tí ì máa rìn lè ní in ní ojú àti ní ọwọ́. Kí ẹ fi ìka kàn án: ó sábà máa ń yọrí díẹ̀ lórí awọ. Kí ẹ fi ìdí ife tó mọ́ gaara tẹ̀ ẹ́: bí ó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ tó ti jò síta, kò ní parẹ́ lábẹ́ ife náà. Ó ṣeé ṣe kí ọrùn ẹsẹ̀ tàbí orúnkún wú, kí kórópọ̀n ọmọkùnrin sì wú kó máa dùn ún. Ìkìlọ̀ kan wà tí n kò gbọ́dọ̀ fò: bí irú àmì tí kò parẹ́ lábẹ́ ife yìí bá wà lára ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná, tó ń sùn jù, tí ọrùn rẹ̀ sì gan, yírunyírun lè ni. Kò sí àyè láti dúró wò ó nílé rárá.

Àtakò tó lágbára jù sí ohun tí mò ń sọ ni pé àìsàn òyìnbó ni. Ìdáhùn sí i wà nínú ìwádìí tí wọ́n ṣe ní West Midlands ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní agbègbè Birmingham, níbi tí oríṣiríṣi ẹ̀yà ń gbé, tí wọ́n sì gbé jáde ní 2002. Lọ́dún kan, nínú 100,000 ọmọ, ó mú 24 lára àwọn tí ìdílé wọn ti Íńdíà àti àyíká rẹ̀ wá, nǹkan bí 18 lára àwọn aláwọ̀ funfun, àti nǹkan bí 6 lára àwọn aláwọ̀ dúdú. Òótọ́ ni, tiwa kéré sí tiwọn. Ṣùgbọ́n mẹ́fà kì í ṣe òdo, àwọn ọmọ wa tó wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì wà nínú ìṣirò yẹn. Mo tún gbà pé ó yẹ kí a ronú lórí ìdí mìíràn tí iye náà fi lè kéré: àìsàn tó jẹ́ pé àmì ara awọ ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n, ó lè bọ́ lọ́wọ́ ẹni tí ojú rẹ̀ kò mọ́ra pẹ̀lú bí àmì náà ṣe ń rí lára awọ dúdú. N kò sọ pé gbogbo ìyàtọ̀ náà ti ibẹ̀ wá, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi kíkéré rẹ̀ ṣe ìdí láti má ṣe wo ẹsẹ̀ ọmọ, òun gan-an ló ń mú kó máa kéré lórí ìwé.

Àtakò kejì tọ́ jù ú lọ, pàápàá fún ẹni tó wà ní Ìbàdàn tàbí Kútọnu. Taifọ́ọ̀dù wà níbí, ó ń lu ìfun. Àrùn ẹ̀jẹ̀ SS wà, ó ń mú kí ẹsẹ̀ àti inú ọmọ dùn ún lẹ́ẹ̀kan náà, bí ti àìsàn tí mò ń sọ gan-an. Ìgbẹ́ ọ̀rìn wà. Àwọn wọ̀nyí ló yẹ kí dókítà kọ́kọ́ rò, n kò sì bá a jiyàn. Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún kò gba ipò wọn. Bíbọ́ ṣòkòtò ọmọ kò náni ní kọ́bọ̀. Ìwé pélébé tí wọ́n ń tì bọ inú ìtọ̀ láti mọ̀ bí ẹ̀jẹ̀ tàbí purotéènì bá wà níbẹ̀ kò wọ́n, ó sì wà ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn alábọ́dé. Ewu tó wà nínú kíkọ̀ láti wò ju ìnáwó rẹ̀ lọ dáadáa, nítorí pé ohun tí à ń fún ọmọ ní orúkọ jẹ̀díjẹ̀dí lè pa á lára. Ọ̀pọ̀ àgbo jẹ̀díjẹ̀dí ló ń mú kí ènìyàn ṣu gbuuru, ìfun tó wú tó sì ń ṣẹ̀jẹ̀ kò sì nílò kí a tún máa lé e sáré. Oògùn ìrora bí ibuprofen àti diclofenac, tí à ń rà ní kẹ́míìsì láìbéèrè, lè dá kún ẹ̀jẹ̀ tó ń jáde nínú ìfun, wọ́n sì lè ni kíndìnrín lára nígbà tó ti wà nínú ewu. Parasítámọ́ọ̀lù dára jù fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ títí dókítà yóò fi rí i.

Àwọn mìíràn yóò ní, bí ó bá jẹ́ pé àìsàn náà ń lọ fúnra rẹ̀, kí ló dé tí à ń pariwo? Òótọ́ ni pé ó ń lọ. Nínú ọ̀pọ̀ ọmọ, láàárín bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, inú ti rọlẹ̀, ẹsẹ̀ ti mọ́. Nǹkan bí ìdámẹ́ta wọn ni ó tún máa ń padà sí lára kó tó lọ pátápátá. Ìsinmi, omi tó tó, àti parasítámọ́ọ̀lù ni ìtọ́jú àwọn tó fúyẹ́. Bí inú bá ń run ọmọ gidigidi, dókítà lè fún un ní prednisolone, ó sì máa ń mú kí ìrora náà tètè lọ. Níbí ni àwọn kan ti rò pé bí a bá fún gbogbo ọmọ ní oògùn yìí láti ìbẹ̀rẹ̀, kíndìnrín wọn yóò bọ́ lọ́wọ́ ewu. Wọ́n dán an wò ní Finland, àbájáde rẹ̀ jáde ní 2006. Wọ́n tún dán an wò ní Britain lára ọmọ tó ju 300 lọ, àbájáde rẹ̀ jáde ní 2013. Méjèèjì ló fi hàn pé oògùn náà kò dá kíndìnrín sí. Ìyẹn ni pé inú lè ti san, kí ìyá ti dúpẹ́, kí kíndìnrín sì máa bàjẹ́ lábẹ́lẹ̀ láìdun ọmọ náà rárá.

Àgbàlagbà náà ń ní àìsàn yìí, kíndìnrín wọn ló sì máa ń fara gbá a jù.

Ní 2005, dókítà kan tó ń jẹ́ Hassib Narchi kó ìròyìn ọmọ 1,133 tí àìsàn yìí ṣe jọ láti inú ìwádìí tí àwọn mìíràn ti ṣe. Nínú wọn, 34 nínú 100 ni àìsàn náà dé kíndìnrín wọn, nínú àwọn yìí sì rèé, 97 nínú 100 ló ti fi ara hàn nínú ìtọ̀ kí oṣù mẹ́fà tó pé. Nínú àwọn tí ìtọ̀ wọn mọ́ ní gbogbo àsìkò náà, kò sí ọ̀kan tí kíndìnrín rẹ̀ bàjẹ́ nígbẹ̀yìn. Nítorí náà, ìyá tàbí bàbá tí wọ́n bá sọ fún pé àìsàn yìí ló ṣe ọmọ rẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe kúrò ní ilé ìwòsàn láìgba ọjọ́ tí ẹ ó máa padà wá. Kí wọ́n máa yẹ ìtọ̀ ọmọ náà wò, kí wọ́n máa wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, ní ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ní oṣooṣù, títí oṣù mẹ́fà yóò fi pé, bí ara rẹ̀ tilẹ̀ ti yá gágá tó sì ti padà sí ilé ẹ̀kọ́.